Protea: Òdòdó Tí Ajílẹ̀ Ń Pa. Ìtàn Rẹ̀ Àti Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Náwó Lé E

 

Ọ̀rọ̀ òdòdó la gbé wá lónìí. A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Òdòdó kẹ̀? Ṣé òdòdó la máa jẹ ni?" Ẹ fara balẹ̀. Ìbéèrè tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀ lórí òdòdó ràgàjì kan tí àwọn èèyàn ń rí lọ́wọ́ ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Ó fẹ̀ bí àwo, etí rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ sì rí múlọ́múlọ́ bí òwú. Protea lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè hù lẹ́yìnkùlé wọn, àti pé irú ajílẹ̀ wo ni wọ́n máa fi sí i kó lè tètè tanná.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun ọ̀gbìn náà nìyẹn o. Ilé rẹ̀ ló yẹ ká wò ká tó gbẹ́lẹ̀ fún un. Ìtàn òdòdó yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri ti lé ní 400 ọdún. Nínú ìtàn yẹn, àwọn olówó ná owó, igi kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó sì mọ ilẹ̀ àti igi náà dunjú, ilẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Ìdáhùn sí ìbéèrè ajílẹ̀ yẹn wà nínú ìtàn náà, ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín lọ.

1. ILÉ TÓ TI WÁ

Protea tó ń wù yín yìí, ọmọ ìsàlẹ̀ pátápátá Gúúsù Áfríkà ni, ní agbègbè Cape, níbi tí ìlú Cape Town wà. Orí òkè olókùúta àti ẹsẹ̀ òkè ló ń hù sí. Iyanrìn tó rún láti ara òkúta ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ibẹ̀, kò sì sí ọ̀rá nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ gbin àgbàdo síbẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, ewé tíntìntín ló máa rí, kò ní rí ọmọ já.

Òjò ibẹ̀ náà yàtọ̀ sí tiwa. Ìgbà òtútù ni òjò wọn ń rọ̀, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ. Tí ooru bá wá dé, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, gbogbo ilẹ̀ á gbẹ, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ gidi gan-an. Ẹ wá fi wé tiwa níbí, níbi tí ooru àti òjò ti jọ ń rìn pọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Iná náà wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Igbó Cape, tí wọ́n ń pè ní fynbos, máa ń jóná láàárín nǹkan bí ọdún 10 sí 20. Àwọn protea kan máa ń pa irúgbìn wọn mọ́ sínú orí òdòdó tó ti gbẹ, ó di ìgbà tí iná bá jó o kí orí náà tó là, kí irúgbìn tó bọ́ sílẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní king protea, ní kùkùté ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀. Tí iná bá jó òkè rẹ̀ tán, ìdí ló ti máa ń rú padà, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé tó tún ń yọ ọmọ.

Òdòdó king protea lè fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Nǹkan pupa tí ẹ rò pé òdòdó ni, ewé ni. Òdòdó gan-an ni àwọn wẹ́wẹ́ tó ṣù jọ sáàárín, wọ́n sì pọ̀ lọ súà. Irú protea tó wà kò lóǹkà bọ̀rọ̀. Ìdílé rẹ̀ lápapọ̀ ní irú tó lé ní 300 ní agbègbè Cape nìkan. Ìdílé yìí tún wà ní Ọsirélíà, ibẹ̀ ni macadamia tí wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ ti wá.

2. ỌGBÀ TÍ WỌ́N FI ÌBÁTAN PROTEA ṢE

Ní 1605, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Carolus Clusius tẹ ìwé kan jáde ní Yúróòpù. Ó ya àwòrán òdòdó gbígbẹ kan síbẹ̀, èyí tí àwọn atukọ̀ Dutch gbé bọ̀ láti ìrìn àjò. Kò mọ ohun tó jẹ́, ó kàn ṣàpèjúwe rẹ̀ bí irú ẹ̀gún kan tó rẹwà. Protea ni. Báyìí ni òyìnbó ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní 1652, ilé iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Dutch, tó ń kó èròjà ọbẹ̀ láti apá Éṣíà, rán Jan van Riebeeck lọ sí Cape. Wọ́n fẹ́ ibùdó kan tí ọkọ̀ wọn ti lè máa rí omi, ẹ̀fọ́ àti ẹran lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ náà kò ṣófo o. Àwọn Khoikhoi, tí wọ́n jẹ́ darandaran, ló ń da màlúù àti àgùntàn wọn níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Láti 1657 ni àwọn Dutch ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ létí odò Liesbeek fún àwọn èèyàn wọn kí wọ́n máa dáko. Ibi tí màlúù àwọn Khoikhoi ti ń jẹko ni wọ́n sọ di oko. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1659.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti parí ìjà náà ní 1660, Van Riebeeck kọ ohun tí wọ́n jọ sọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ojoojúmọ́. Àwọn Khoikhoi bi í pé bí àwọn bá lọ sí ilẹ̀ àwọn Dutch, ṣé wọ́n á gbà kí àwọn ṣe irú nǹkan yìí níbẹ̀? Nígbà tí wọ́n rí i pé ilẹ̀ kò ní padà, wọ́n ní ó kéré tán kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa wọlé wá ṣa èso igi kan tó pọ̀ níbẹ̀, kí àwọn sì máa wa gbòǹgbò tí àwọn ń jẹ nígbà òtútù. Van Riebeeck kọ̀. Ó ní wọ́n lè fi ìyẹn ṣe ìkà fún àwọn àgbẹ̀ òun, àti pé òun gan-an nílò èso náà lọ́dún yẹn, òun fẹ́ gbìn ín ṣe ọgbà. Ó ní ogun ni ó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn.

Èso wo nìyẹn? Igi náà ni òyìnbó ń pè ní wild almond, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Brabejum stellatifolium. Ẹ má fi wé igi fúrúùtù tó máa ń wà ní ọgbà ilé ìwé o, wọn ò jọ tan. Ìdílé protea ni Brabejum. Májèlé wà nínú èso rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Àwọn Khoikhoi mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń yan án kó tó di jíjẹ, bí àwọn ìyá wa ṣe mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú àti láfún. Ìmọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kó má fẹnu kàn án.

Ní 1660 yẹn náà ni wọ́n gbin igi yìí pọ̀ mọ́ àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún láti fi ṣe ààlà, kí màlúù àti àwọn tó ni ín má bàa wọlé mọ́. Oúnjẹ àwọn Khoikhoi ni wọ́n fi ṣe ọgbà tó lé wọn síta. Apá kan ọgbà yẹn ṣì wà láàyè títí dòní, ní ọgbà ewéko Kirstenbosch ní Cape Town. Ní 1936 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè.

3. ÀWỌN OLÓWÓ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ní 1735 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, sọ ọ́ ní Protea. Ó fà á yọ láti ara Proteus, òrìṣà àwọn Gíríìkì tó lè para dà sí oríṣiríṣi, nítorí pé ìrísí àwọn òdòdó náà pọ̀ jọjọ.

Ní 1772, ọgbà ọba ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, rán Francis Masson lọ sí Cape kó lọ máa kó ewéko wá. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí Kew rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ ògbójú atukọ̀ James Cook ló bá lọ. Ó padà ní 1775, protea sì wà lára ohun tó kó dé. Bí àwọn olówó ìlú ṣe rí i, ó di pé kálukú fẹ́ ní in. Ó wá dà bí ìgbà tí aṣọ tuntun bá jáde láwùjọ, tí ẹni tí kò bá rà á kò ní lè gbé ojú sókè.

Ọ̀kan lára wọn ni George Hibbert, tó ní ọgbà ńlá ní Clapham. Ó san owó fún James Niven láti lọ sí Cape ní 1798 kó lọ wá protea fún òun. Níbo ni owó náà ti wá? Oko ìrèké Jàmáíkà ni, oko ẹrú. Ìdílé Hibbert ti ń ta ẹrú, wọ́n sì ń kó ṣúgà, láti ọjọ́ pípẹ́. George fúnra rẹ̀ jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ̀rọ̀ tako òfin tó fòpin sí òwò ẹrú ní 1807. Òógùn àwọn èèyàn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfríkà ló ra òdòdó Áfríkà sínú ọgbà rẹ̀.

Olùtọ́jú ọgbà Hibbert ń jẹ́ Joseph Knight. Ní 1809, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń gbin ìdílé protea. Nínú ìwé náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Salisbury fi orúkọ ọ̀pọ̀ ewéko síbẹ̀, orúkọ tó jẹ́ pé Robert Brown ló ṣiṣẹ́ lé lórí, tó sì ti kà á sétí àwọn onímọ̀ kó tó rí i tẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà di rannto láàárín wọn, àwọn onímọ̀ ò sì tún fojú rere wo Salisbury mọ́. Àmọ́ tí a bá yọ ti orúkọ kúrò, Knight mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ pé protea fẹ́ ilẹ̀ tí omi ń sá lára rẹ̀, ó sì fẹ́ atẹ́gùn.

Nígbà yẹn, ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin irú rẹ̀ sí, iná ni wọ́n ń dá lábẹ́ rẹ̀, èéfín rẹ̀ á gba inú ògiri kọjá, ara ògiri á wá móoru. Ooru gbígbẹ ni. Wọ́n sì máa ń ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Ó bá protea lára mu.

Lẹ́yìn 1820, ọ̀làjú dé. Wọ́n fi páìpù omi gbígbóná àti oruku omi rọ́pò ooru gbígbẹ yẹn. Wọ́n dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà, inú ilé wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì tutù bíi ti inú igbó ẹgàn. Àwọn òdòdó ilẹ̀ olóoru àti ọ̀pẹ gbádùn rẹ̀. Protea bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n tún fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sí i, ó túbọ̀ ń kú. Bó ṣe di pé kò sí protea lọ́gbà wọn mọ́ nìyẹn. King protea tó tanná ní Kew ní 1826, 160 ọdún ló kọjá kí òmíràn tó tún tanná níbẹ̀, ní 1986.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó fojú pa protea rẹ́ nílé àwọn olówó yẹn. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un ní ooru, wọ́n fún un lọ́ràá. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

4. OHUN TÓ WÀ NÍ ÌDÍ GBÒǸGBÒ

Kí ló dé tí oúnjẹ fi ń pa igi? Ní 1960, onímọ̀ obìnrin kan ní Ọsirélíà, Helen Purnell, ṣàlàyé irú gbòǹgbò kan tó rí lára ìdílé protea. Gbòǹgbò náà máa ń yọ wẹ́wẹ́, á ṣù jọ bí irun ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tu nǹkan bí ásíìdì sínú ilẹ̀, kó fi fa ìwọ̀nba phosphorus tó há sára iyanrìn jáde. Phosphorus ni P tí ẹ̀ ń rí láàárín N àti K lára àpò NPK.

Ẹ fi wé ẹni tó dàgbà sínú ìyàn, tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀rún jẹ. Ẹ gbé odindi àpò gàrí síwájú rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun dáwọ́ dúró. Protea rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè sé ẹnu fún phosphorus. Tó bá ti pọ̀ nílẹ̀, wọ́n á máa fà á lọ ni. Ewé á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí pé phosphorus tó pọ̀ ò jẹ́ kó rí irin tó yẹ kó wà nínú ewé lò. Lẹ́yìn ìyẹn, etí ewé á jó, igi á kú. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀, tó bá rí ewé tó pọ́n, á rò pé ebi ló ń pa á. Á tún da ajílẹ̀ sí i. Igi tó ń kú á wá tètè kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè irú ajílẹ̀ tó yẹ ẹ́, ìdáhùn rèé: NPK onímẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ta tí ẹ fi ń gbin àgbàdo, májèlé ni fún un. SSP, bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbẹ́ adìẹ, tí phosphorus pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà.

5. ÒDÒDÓ PADÀ SÍLÉ

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó wà ní Cape fúnra wọn ò fi ka protea sí nǹkan gbígbìn. Igbó ni wọ́n ti ń gé e. Irú kan tí wọ́n ń pè ní sugarbush, oje dídùn máa ń kún inú rẹ̀. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sè é títí á fi ki bí oyin, wọ́n á máa lò ó fún ikọ́. Láàárín ìgboro Cape Town, ní òpópó Adderley, àwọn obìnrin tó ń ta òdòdó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àwọn ìyá ìyá wọn. Orí òkè ni wọ́n ti ń gé ọjà wọn wá. Bí gígé náà ṣe ń pọ̀ jù, ìjọba ṣe òfin ní 1905 láti dáàbò bo òdòdó igbó.

Ní 1913, wọ́n dá ọgbà ewéko Kirstenbosch sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Table Mountain, pé kó jẹ́ ti ewéko ilẹ̀ náà nìkan. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, àgbẹ̀ eléso kan tó ń jẹ́ Frank Batchelor, ní Devon Valley lẹ́bàá Stellenbosch, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin protea lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún títà. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe ló ṣe. Ó ṣa igi tó dáa, ó gé ẹ̀ka wọn gbìn, ó sọ èyí tí kò dáa nù. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Marie Vogts náà rìn igbó àti òkè, ó ń wo ibi tí irú kọ̀ọ̀kan ń hù sí, ó ń wo ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1958, ó tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ wọ́n àti bí wọ́n ṣe lè gbìn wọ́n. Kò sí ohun tí àwọn méjèèjì ṣe tó ju pé wọ́n kọ́kọ́ wo bí igi náà ṣe ń gbé nílé rẹ̀. Ohun tí àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù ò fara balẹ̀ ṣe nìyẹn.

Ní 1976, king protea di òdòdó orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfríkà. Orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì wọn ń jẹ́ lónìí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí. Ìbátan protea kan tí wọ́n ń pè ní Safari Sunset, tí ewé rẹ̀ pupa dòò, igi Cape ni ìyá àti bàbá rẹ̀. New Zealand ni wọ́n ti dá a, àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì ló sì wá gbin ín rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń tà á sí Yúróòpù. Macadamia náà, ọmọ Ọsirélíà ni, Hawaii ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọjà ńlá. Ẹni tó ni igi lè má jẹ owó igi.

6. ABÚLÉ PROTEA

Ó ku ibì kan nínú ìtàn yìí tí a ò lè fò.

Ẹ rántí ọgbà 1660 yẹn. Oko Van Riebeeck fúnra rẹ̀, Boschheuwel, wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ náà ń jẹ́ Protea, ó di ilé bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bishopscourt. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí fífi èèyàn ṣẹrú ní Cape ní 1834, àwọn tó gba òmìnira tẹ̀dó síbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta. Ibẹ̀ là ń pè ní Protea Village. Nígbà tí Kirstenbosch bẹ̀rẹ̀, àwọn ló ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń to òkúta, tí wọ́n ń gbin òdòdó. Àwọn míì nínú wọn ń ta òdòdó nígboro.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lo òfin pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀. Wọ́n kó àwọn èèyàn náà lọ sí Cape Flats, ilẹ̀ oníyanrìn tó jìnnà sí òkè wọn. Lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọgbà tí gbogbo ayé ń lọ wò, ibẹ̀ ni ilé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba tuntun dé, ìdílé 86 pe ẹjọ́ fún ilẹ̀ wọn. Ní 2006, wọ́n gbà pé wọ́n jàre, pé ilẹ̀ náà padà di tiwọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì, lójú ibì kan náà, láàárín 300 ọdún. Àwọn Khoikhoi lọ́jọ́ kìíní, àwọn ará Protea Village lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó mọ igi náà jù ni wọ́n lé. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tó ń dáko lórí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín o. Ẹ lọ wọn ilẹ̀ yín, ẹ ṣe ìwé rẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí.

7. ṢÉ KÍ Á WÁ GBÌN ÍN?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ní Ìbàdàn, ní Ọ̀ṣun, ní Èkó, ní Oǹdó, a ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi owó gidi lé king protea. Ooru tiwa bá òjò rìn. Inú ilẹ̀ tó móoru tó sì tún kún fún omi ni àrùn kan tó ń jẹ́ Phytophthora ti máa ń gbilẹ̀. Á jẹ gbòǹgbò protea títí á fi jẹrà. Ẹ ó kàn rí i lọ́jọ́ kan tí ewé rẹ̀ rọ, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti gbẹ.

Ìdílé protea kì í ṣe àjèjì pátápátá sí Nàìjíríà o. Irú kan, Protea madiensis, wà nínú igbó ọ̀dàn àti orí òkè, láti Guinea kọjá Nàìjíríà títí dé Ethiopia. Ó kàn fi hàn yín pé ibi tó ga, tí omi kì í dúró sí, ló ń wá.

Fún ẹni tó ń gbé níbi tó bá a lára mu, bí àwọn ọmọ wa tó wà ní etí òkun California, tí protea ti ń hù dáadáa, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ dán ẹyọ kan wò nínú ìkòkò, ẹ tẹ̀ lé èyí:

- Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i.
- Iyanrìn ni kó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, kí ilẹ̀ náà sì ní ásíìdì díẹ̀. Ẹ má fi eérú tàbí ẹfun sí i. Tí omi bá ń dúró nílẹ̀ yín, ẹ kọ ebè gíga.
- Ẹ má fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè. Ẹ fọwọ́ tu koríko, kí ẹ sì fi èèpo igi tàbí koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.
- Ẹ fún un lómi láàárọ̀ nígbà tó bá ṣì kéré. Ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún bomi rin ín.
- Ajílẹ̀ tó ní P, ẹ má fi sí i rárá.
- Tó bá jẹ́ irúgbìn lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ó lè gba king protea tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó tanná. Láti 1990 ni àwọn onímọ̀ Gúúsù Áfríkà ti fi hàn pé èéfín nìkan, láìsí iná, máa ń jí ọ̀pọ̀ irúgbìn igbó Cape. Wọ́n máa ń rẹ irúgbìn sínú omi tí wọ́n ti fi èéfín sí.

Ẹ̀yin oníṣòwò tó fẹ́ fi ṣe ọjà ìgbéyàwó, òdòdó tí wọ́n ti gé ni kẹ́ ẹ máa rà wọlé. Ó máa ń pẹ́ nínú omi, tó bá sì gbẹ, ó ṣì ń dùn ún wò.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá ta irúgbìn tuntun fún yín, ì báà jẹ́ protea, ì báà jẹ́ ohun jíjẹ, tó ní ibi gbogbo ló ti ń hù, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Níbo ni ilé rẹ̀? Báwo ni òjò ṣe ń rọ̀ níbẹ̀? Kí ni kì í jẹ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìkẹta yẹn, owó yín ló mọ̀, kò mọ igi náà.

Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òdòdó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó sọ irú ilẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti bí òjò ṣe ń rọ̀ níbẹ̀, a ó dá a lóhùn. Iṣẹ́ wa ò ní di asán o.